Ọjọ́ Mẹ́jọ Tí Inú Bàbá Lìádì Fi Dì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni bàbá mi ò fi ṣe gáà. Ọjọ́ mẹ́jọ! Oúnjẹ ń wọlé láàárọ̀, ó ń wọlé lọ́sàn-án, ó ń wọlé lálẹ́, nǹkan kan ò sì jáde. Bí ẹ bá bi wọ́n pé, "Bàbá, inú ńkọ́?" wọ́n á ní, "Alihamudulilahi." Alihamudulilahi kẹ̀! Ikùn tó le bíi pátákó ni wọ́n ń dúpẹ́ lé lórí.

Wúlẹ̀mọ̀tù lorúkọ mi. Obì gbànja ni mò ń tà, ní ìsọ̀ iwájú ilé wa ní Ṣàgámù, níbi tí bàbá mi ti tà á kó tó kàn mí. Ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ mi ti lọ sílé ọkọ, èmi àti bàbá mi, Lìádì tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Lìádì, nìkan la ṣẹ́ kù nínú ilé. Bí inú Bàbá bá wá dì, orí ta ló máa fọ́? Orí tèmi ni.

Ẹ má rò pé ènìyàn burúkú ni bàbá mi o. Wọ́n ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń gbé obì wá láti Ìròlù, apẹ̀rẹ̀ méjì lẹ́yìn, ọ̀kan níwájú. Bí kẹ̀kẹ́ bá dojú dé lọ́nà, wọn ò ní dúró de ẹni tó máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n á gbé kẹ̀kẹ́ nàró, wọ́n á ṣa obì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tún un dì, wọ́n á tún gùn ún. Àwọn Haúsá tó ń wá rajà láti Sábó kì í tú apẹ̀rẹ̀ Bàbá Lìádì wò. Bí Bàbá bá ti ní kò sí kòkòrò nínú rẹ̀, ó parí, ó di inú ọkọ̀ tó ń lọ Kánò. Àádọ́ta ọdún ni wọ́n fi ṣe é. Mi ò sì gbọ́ ọ rí lẹ́nu wọn kí wọ́n sọ fún ẹnìkan pé, "Bá mi gbé e." Ìyá mi, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, máa ń sọ pé bí iná bá ń jó Lìádì lẹ́sẹ̀, á ní kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.

Ọdún kejì rèé tí wọ́n yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, tí orúnkún ọ̀tún ò sì padà bọ̀ sípò. Láti ìgbà náà, wọn ò lè lóṣòó, wọn ò lè bẹ̀rẹ̀, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Ṣùgbọ́n mọ́sálásí ràtìbì tó wà ní ìkòríta wa, wọn kì í pa á jẹ. Bí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán, tí mo bu omi àlùwàlá fún wọn, tí mo fọ ẹsẹ̀ wọn, ó di ibẹ̀. Wọ́n á kí ìrun ọ̀sán, wọ́n á jókòó kí Àlàásárì, wọ́n á dúró kí Mọ̀gàríbì, ó dìgbà tí wọ́n bá kí Ìṣáì tán kí n tó gbúròó ọ̀pá wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Inú dídì yìí ti ń ṣe wọ́n díẹ̀díẹ̀ láti èṣí. Ọjọ́ mẹ́ta á kọjá, ọjọ́ mẹ́rin á kọjá. Nígbà ọyẹ́, Bàbá dá ara wọn se ewé àsúnwọ̀n mu láìsọ fún mi. Wọ́n yàgbẹ́, wọ́n yàgbẹ́, wọ́n dákú sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Bí kì í bá ṣe pé mo wà nílé lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí nǹkan ò jáde, dókítà kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun ò ní fún wọn ní oògùn ìyàgbẹ́ kankan. Ọmọ kékeré kan báyìí ni, ó wọ gíláàsì. Ó ní ọjọ́ orí wọn, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò, àti èyí tó ṣẹlẹ̀ nígbà ọyẹ́, kò jẹ́ kí òun fẹ́ fi oògùn kún oògùn báyìí. Ó ní ká lọ fi omi, oúnjẹ, ìrìn àti ìfọwọ́ra gbìyànjú rẹ̀ ná, ká padà wá ní Ọjọ́bọ̀.

"Bí kò bá tíì jáde nígbà náà," ó ní, "a ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, a ó fi ìka kó o."

A wọ Márúwá, a dé ìdajì ọ̀nà, ni Bàbá bá di ọwọ́ mi mú. "Wúlẹ̀, ọmọ yẹn ò dàgbà ju ọmọ rẹ Raqeebah lọ. Kí irú rẹ̀ wá fi ìka sí mi nídìí? Kí Ọlọ́run yáa gbà mí kí Ọjọ́bọ̀ tó dé." Mo bojú wò wọ́n, omijé ti dé ojú wọn. Mi ò rí omijé bàbá mi rí, àní lọ́jọ́ tí a sin ìyá mi. Mo ṣẹ́jú, mo wo ìta. Mo sọ nínú ara mi pé bó bá ṣe pé ọwọ́ mi méjèèjì ni màá fi fún ikùn yìí bí ẹni fún aṣọ, Ọjọ́bọ̀ ò ní bá a níbẹ̀.

Mo ké sí ọ̀rẹ́ mi kan, Nọ́ọ̀sì Morónkẹ́ Ṣóbọ̀wálé. Ará Ìkẹ́nnẹ́ ni, Mẹ́tọ́díìsì paraku, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ní àárọ̀ Sátidé ló dé, ó mú ìgò òrí dání. Ó ní kí Bàbá dùbúlẹ̀, ó fi òrí pa ọwọ́, ó ń fi hàn mí.

"Ìyá Raqeebah, ẹ wò ó. Ìfun ní ọ̀nà tó ń gbà. Láti ìsàlẹ̀ ikùn lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ fà á gòkè dé abẹ́ ìhà. Ẹ gbé e kọjá sí òsì. Ẹ wá fà á wálẹ̀. Ẹ má yí i padà o, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ kó dùn wọ́n. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Iṣẹ́ ò tán síbẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ife méjì kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná, kí a fún un, kí a gbé e lé ikùn. Ìbẹ́pẹ, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tó pọ̀. Kí obì jíjẹ dínkù (ẹ gbọ́ o, nínú ilé wa!). Kí wọ́n máa rìn yípo àgbàlá. Bí wọ́n bá sì jókòó sórí ṣáláńgá ìgbàlódé wa, kí àpótí ìdáná wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, kí orúnkún lè ga ju ìdí lọ, nítorí pé wọn ò lè lóṣòó mọ́. Ó ní lẹ́yìn oúnjẹ ni ìfun máa ń jí, nítorí náà kí n jẹ́ kí wọ́n jókòó lẹ́yìn oúnjẹ, kí ẹnikẹ́ni má sì kán wọn lójú.

Mo mú aago mẹ́jọ àárọ̀. Oníbàárà mi kì í dé kó tó di mẹ́sàn-án.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Ọjọ́ kìíní tí mo ra ikùn, mò ń fà á gòkè, mò ń gbé e kọjá, mò ń fà á wálẹ̀, òógùn ń bọ́ lójú mi, ni mo bá gbọ́ "hòòòò." Bàbá ti sùn! Wọ́n ń hanrun! Mo gbọ̀n wọ́n jí.

"Bàbá, ẹ̀ ń sùn ni?"

"Ó dùn mọ́ mi ni."

"Kò yẹ kó dùn mọ́ yín, ó yẹ kó ti nǹkan sísàlẹ̀!"

"Máa bá a lọ," wọ́n ní, wọ́n tún di ojú.

Ti àpótí ńkọ́? Mo fọ àpótí, mo gbé e sí ìdí ibi ìjókòó, mo gbé ẹsẹ̀ wọn lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá ní àwọn jọ ẹni tó ń dúró de onígbàjámọ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, mo lọ. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, wọ́n jáde.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Mo jókòó."

"Ẹ jókòó, lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mo dìde."

Bí a bá ní ká bẹ́ igi, a ó bẹ́ èèyàn. Mo pa ẹnu mọ́, mo lọ sí ìsọ̀ mi. Àmọ́ kí n tó dé ibẹ̀ mo ti ráhùn fún ògiri, mo ti ráhùn fún ilẹ̀kùn.

Èyí tó fẹ́ gba ọpọlọ mi ni ti omi. Ewúrẹ́ kan wà tí a so mọ́ ẹ̀yìn fèrèsé Bàbá. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń ṣe kàyéfì pé ewúrẹ́ yìí kì í ké fún omi mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo yí gba ẹ̀yìnkùlé, mo rí ọwọ́ bàbá mi tó yọ láti ojú fèrèsé pẹ̀lú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mi, omi tí mo jí kí ilẹ̀ tó mọ́ gbé ka iná! Wọ́n ń dà á sínú abọ́ ewúrẹ́, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò tilẹ̀ dànù.

"Bàbá!"

"Kí rè é?"

"Ṣé inú ewúrẹ́ ló dì ni?"

Wọn ò tijú. "Ẹ̀dá Ọlọ́run ni," wọ́n ní. "Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́."

"Òùngbẹ ò gbẹ ẹ̀yin?"

"Omi pọ̀ jù, Wúlẹ̀. Mi ò fẹ́ máa tọ̀ káàkiri."

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, nínú ẹrẹ̀, mo di orí mú. Ọjọ́ kẹfà nìyẹn. Ọjọ́bọ̀ ń bọ̀, ọmọ onígíláàsì ń bọ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, bàbá mi sì ń fún ewúrẹ́ ní omi.

Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, àbúrò mi Fàrúkù tún pè mí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ògìjo ló ń gbé, ilé iṣẹ́ irin ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ra fóònù ńlá, kò sí àìsàn tí kò mọ̀. Ó ní àwọn ará Ṣáínà máa ń tẹ àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, pé inú á sì ṣí. Ó fi fídíò ránṣẹ́ lórí Wasáàpù. Ó tún fi èkejì ránṣẹ́, pé ká máa ki ẹsẹ̀ Bàbá bọ omi gbígbóná.

"Fàrúkù," mo ní, "bó bá dá ọ lójú, wọ ọkọ̀ láti Ògìjo, kí o wá tẹ ọwọ́ bàbá rẹ."

Ó ní òun wà ní ṣíìfù. Wọn kì í tán ní ṣíìfù, àwọn ọmọkùnrin. Mo tẹ ọwọ́ náà ṣá. Mo ki ẹsẹ̀ náà bọ omi. Nígbà tó di àṣálẹ́, Bàbá ní ọwọ́ ń dun àwọn. Ìyẹn nìkan ló yí padà nínú ara wọn.

Ilẹ̀ Ọjọ́rú mọ́. Bàbá ò mu ẹ̀kọ. Wọ́n ní kí ni àǹfààní kí ènìyàn máa ti nǹkan sínú àpò tí ẹnu rẹ̀ ti dì? Ikùn wọn ti wú dé abẹ́ ìhà, ojú wọn ti pọ́n. Wọ́n ní kí n bá àwọn lọ aṣọ funfun tí àwọn máa wọ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n tún ní, "Wúlẹ̀, bí a bá débẹ̀ lọ́la, bi wọ́n bóyá ọkùnrin àgbà kan wà níbẹ̀ tó lè ṣe é." Mo ń lọ aṣọ, ẹ̀rù ń bà mí, inú ń bí mi, mo jó apá aṣọ náà.

Nọ́ọ̀sì Morónkẹ́ dé ní ọ̀sán. Ó bẹ Bàbá títí wọ́n fi jẹ ẹ̀wà díẹ̀ àti ìbẹ́pẹ. Lẹ́yìn oúnjẹ, mo gbé búùtà, mo bu omi àlùwàlá fún wọn bí mo ṣe máa ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sán, mo fọ ẹsẹ̀ wọn fìrì, mo ti ń na ọrùn sí ìsọ̀ nítorí pé oníbàárà kan ń pè mí. Nọ́ọ̀sì jókòó ti Bàbá, kò kánjú rárá.

"Bàbá," ó ní, "nígbà tí orúnkún yín ṣì dáa, aago mélòó ni ẹ máa ń ṣe gáà?"

"Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán," Bàbá ní. "Kì í yẹ̀. Bí mo bá ti jẹun tí mo fọwọ́, ó ti dé. Àwọn tí a jọ ń ta obì mọ̀ pé wọn kì í wá mi ní àkókò yẹn."

Mo dúró sójú kan. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán! Èmi tí mo sì ń gbé wọn jókòó láago mẹ́jọ àárọ̀, bí ẹni pé ìfun onífun ń ka aago ìsọ̀ mi. Mi ò bi wọ́n rí. Wọn ò sì sọ.

"Ní báyìí ńkọ́?" Nọ́ọ̀sì tún bèèrè. "Ṣé kì í wá mọ́ ni?"

Bàbá ń fi ìka pa orí ọ̀pá wọn.

"Ó máa ń wá," wọ́n ní.

Ẹ gbà mí o. "Ó máa ń wá?" mo ní. "Bàbá, ó máa ń wá? Ẹ jẹ́ kí n máa ra ikùn bí ẹni po ìyẹ̀fun! Ẹ jẹ́ kí n máa gbé àpótí, kí n máa se omi, kí n máa tẹ ọwọ́ bíi ará Ṣáínà! Ó máa ń wá, ẹ ò sì lọ?"

"Mo ti ṣe àlùwàlá nígbà yẹn, Wúlẹ̀."

Nọ́ọ̀sì ò lóye, ó wo ojú mi. Mo ṣàlàyé fún un pé ẹni tó bá ti wẹ̀ fún ìrun, bó bá ṣe gáà, bó bá tọ̀, kódà bó bá só, àlùwàlá ti bàjẹ́, ó ní láti tún un ṣe, láti ọwọ́ dé ẹsẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń ṣí lójú èmi fúnra mi. Àlùwàlá kan ṣoṣo, ti ọ̀sán, ni bàbá mi ń gbé lọ sí mọ́sálásí, tí wọ́n fi ń kí ìrun mẹ́rin. Bí ìgbẹ́ bá gbọ̀n wọ́n, wọ́n á dì í mú. Títí di Ìṣáì. Nígbà tó bá fi máa di Ìṣáì, ohun tó ń gbọ̀n wọ́n ti sùn padà. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi fẹ́ omi. Ìtọ̀ náà ń ba àlùwàlá jẹ́.

"Ṣùgbọ́n Bàbá," mo ní, "ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kò dáa kí ènìyàn máa kírun kí ìgbẹ́ máa gbọ̀n ọ́n!"

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò tún àlùwàlá ṣe? Ṣé omi ò sí ni?"

"Ọwọ́ mi ò dé ẹsẹ̀ mi mọ́."

"Àwọn tí ẹ jọ ń kírun ńkọ́?"

"Kí n máa bẹ ọmọ ọlọ́mọ kó wá fọ ẹsẹ̀ mi?"

"Tàyámọ̀mù tí wọ́n ń fi erùpẹ̀ ṣe ńkọ́?"

"Ti ẹni tí kò rí omi ni tàyámọ̀mù. Èmi rí omi, Wúlẹ̀. Ènìyàn ni mi ò rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mo ní, "Èmi ńkọ́? Ṣé èmi kì í ṣe ènìyàn ni? Ṣé mo jìnnà ni? Láti ìsọ̀ dé mọ́sálásí, ẹsẹ̀ mélòó ni?"

Bàbá wo Nọ́ọ̀sì, bí ẹni tí kò fẹ́ sọ ọ́ lójú àlejò. Wọ́n wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò sí ìbínú kankan nínú ohùn wọn, ìyẹn ló tilẹ̀ burú.

"Nígbà òjò èṣí, mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀kejì lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Àwọn Haúsá wà lọ́dọ̀ rẹ, ẹ̀ ń dúnàádúrà. O dé, o gbé búùtà kalẹ̀ gbàà, o ní, 'Bàbá, ẹ̀ẹ̀melòó ni mo máa fọ ẹsẹ̀ yín lóòjọ́? Ṣé iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán mi wá ṣe nìyí?' Ọ̀kan nínú wọn gbọ́ Yorùbá. Ó rẹ́rìn-ín. Mo wá rò ó pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sàn-án náà ti tó. Mi ò fẹ́ dà ọ́ láàmú."

Mi ò rántí. Mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, mi ò rántí rẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ lójoojúmọ́ nìyẹn, mo ń sọ ọ́ fún ewúrẹ́, mo ń sọ ọ́ fún ìkòkò tó bá jóná. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi tí mo sọ ọ́ ti gbàgbé rẹ̀ kí n tó padà dé ìsọ̀. Bàbá mi gbé e mì, wọ́n sì dì í mọ́ inú fún odidi ọdún kan. Ojú tì mí. Inú tún ń bí mi, sí ara mi, sí Haúsá tó rẹ́rìn-ín, sí bàbá mi pàápàá, pé ẹni tí ó mọ̀ mí láti inú oyún, ó yẹ kó mọ̀ pé ariwo ẹnu mi ò ní ìtumọ̀. Àbí ó ní? Mi ò mọ̀ mọ́.

Ibi tí mo ti ń rò ó ni ikùn Bàbá ti kùn. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni ìpè ìrun ọ̀sán dún láti ìkòríta. Bàbá fi ọ̀pá ti ilẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n fún itan méjèèjì pọ̀, wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Òógùn ti yọ níwájú orí wọn. Mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà náà.

"Wúlẹ̀, yà fún mi. Ìrun ti yá."

"Ìrun ti yá. Èkejì náà ti yá. Ẹ lọ ṣe ìyẹn ná."

"Àlùwàlá mi..."

"Ẹ jẹ́ kó bàjẹ́! Kó bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá! Ṣé òkun ló gbẹ ni?"

"Ta ló máa fọ ẹsẹ̀ mi?"

"Èmi ni."

"Ìwọ àti oníbàárà rẹ?"

"Oníbàárà á dúró, Bàbá. Bí kò bá lè dúró, kó máa lọ sí Sábó."

Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. Mo mọ ìwò yẹn, bí wọ́n ṣe máa ń wo obì tí ẹlòmíì bá ní ó dára nìyẹn, kí wọ́n tó gbà. Lẹ́yìn náà wọ́n yí padà, wọ́n kọjú sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ̀yin ará, orúnkún yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré.

Mo gbé àpótí wọlé, mo gbé ẹsẹ̀ wọn lé e, mo ti ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì Morónkẹ́ fi ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń kígbe pé, "Bàbá, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀! Ẹ má fi agbára o! Ẹ kàn máa mí, kó dé ìsàlẹ̀ ikùn!" Èmi dúró ti búùtà. Wọ́n kírun tán ní mọ́sálásí. Àwọn ènìyàn jáde, mò ń gbọ́ ohùn wọn lọ́nà. Oníbàárà mi pè mí títí, ó dákẹ́. Mo ń rò ó pé bí kò bá jáde báyìí, kò sí ohun tó kù mọ́, ọ̀la la ń lọ.

Ohun kan já bọ́ bí òkúta.

Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ sókè, "Halelúyà!" Èmi náà ké, "Alihamudulilahi!" A di ara wa mú, à ń fò bí ọmọdé.

"Ẹ dákẹ́ ariwo!" Bàbá kígbe láti inú ilé. "Kò tíì tán!"

Kò tíì tán lóòótọ́. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí wọ́n tó jáde, aṣọ ti lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn, ojú wọn sì ti balẹ̀. Mo gbé àga fún wọn. Mo kúnlẹ̀. Mo da omi sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo fọ ọ́ dé kókósẹ̀, mo ki ìka mi bọ àárín ìka ẹsẹ̀ wọn. Ọdún kejì tí mo ti ń fọ ẹsẹ̀ yìí nìyí, mi ò wò ó rí. Gìgísẹ̀ ti là yánmọnyànmọn. Èékánná àtàǹpàkò ti gùn, ó ti ká wọ inú ẹran. Ó ní láti máa dun wọ́n bí wọ́n bá ń rìn, wọn ò sì wí. Mo fọ ẹsẹ̀ òsì náà. Bàbá kí ìrun ọ̀sán wọn nílé, lórí àga, ó pẹ́ díẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, dókítà fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ikùn wọn lórí aṣọ tí mo jó lápá, ó ní ó ti rọ̀, ó ní ká máa bá ohun tí à ń ṣe lọ, ká sì máa lọ sílé. Kò wọ ìbọ̀wọ́ kankan. A wọ Márúwá, a ti sún mọ́ ilé kí Bàbá tó kọjú sí mi.

"Wúlẹ̀," wọ́n ní, "bí mo bá ń pè ọ́, ṣé kò ní máa bí ọ nínú?"

Mi ò lè purọ́ fún wọn.

"Á máa bí mi nínú, Bàbá. Ẹ ṣáà máa pè mí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ilẹ̀ tó ṣú, mo sì ráhùn lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú búùtà lọ́wọ́ mi.